BÍ ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀ TI Ń SỌNÙ, TÍ ÈDÈ KÒ SÌ PÀDÁNÙ

Àwa ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan tí wọ́n mọ̀wé pé èdè Yorùbá kò ní gírámà, nítorí pé orúkọ kì í yí ìparí rẹ̀ padà nínú rẹ̀ bí ti Látìnì. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára, nítorí ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò kẹ́gàn èdè ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan, ẹni tí a ṣe é sí, àti ẹni tí ó ni nǹkan. Ìparí orúkọ ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi ń sọ èyí. “Petrus Paulum videt,” èyíinì ni, Pétérù rí Pọ́ọ̀lù. Bí a tilẹ̀ fi “Paulum” ṣíwájú, Pétérù náà ni ó ríran, nítorí pé “-m” ti fi ẹni tí a rí hàn.

Látìnì yìí ni àwọn Àgùdà ń gbọ́ nínú ìsìn Máàsì ní ìjọ Holy Cross, ní Èkó, títí di àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n èdè Potogí, ọmọ Látìnì, ni àwọn baba ńlá wọn mú ti Bràsíìlì bọ̀ wá sí Pópó Àgùdà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú Potogí, “Pedro vê Paulo” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú “Paulo vê Pedro.” Kí ni ó fà á? Ẹnu àwọn ènìyàn ti gbé “-m” mì tipẹ́tipẹ́, àwọn fáwẹ̀lì ìparí sì dàpọ̀, títí etí kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Nígbà náà ni ètò ọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ kéékèèké bí “de,” gba iṣẹ́ náà ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èdè Lárúbáwá. Ẹni tí ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó ń gbọ́ “Allāhu” nínú ìpè àdúrà, ó sì ń gbọ́ “bismillāhi,” tí í ṣe “ní orúkọ Ọlọ́run.” Orúkọ kan náà ni: “-u” ni ti ẹni tí a ń ròyìn, “-i” ni ti ẹni tí ó ni nǹkan. Àwọn tí ń ka Kùránì pa ìparí wọ̀nyí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọnù nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àwọn ará Káírò. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní irú wọn ní ayé Ọba Alfred, ní ohun tí ó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn. “He, him, his” wà lára ìyókù wọn.

Ẹ wo tiwa wàyí. “Adé rí Òjó,” “Òjó rí Adé”: ètò ọ̀rọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: “O rí mi, mo rí ọ, mo rí ilé rẹ.” Ṣé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò yí padà bí? Ẹ tún tẹ́tí sí ẹni tí ń wí pé “ilé Bádé”, ẹ ó gbọ́ “ilé e Bádé.” Fáwẹ̀lì kékeré yẹn, tí a kì í sábà kọ sínú ìwé, ni àmì ẹni tí ó ni ilé. Nínú “ó gbálẹ̀ fún mi,” kò sí ohun tí a gbé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Fún” ti di àmì ẹni tí a ṣiṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di ìparí titun. Ní ilẹ̀ Hungary, ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí “inú” ti lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ, ó sì di ìparí. Ìgbà ò lọ bí òréré: ìparí kan ń kú, òmíràn ń bọ̀, èdè sì ń bẹ síbẹ̀.

Samuel Ajayi Crowther kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, síbẹ̀ ó rí gírámà nínú èdè wa, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1843. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ẹnikẹ́ni bá tún wí fún ọmọ yín pé èdè wa kò ní òfin, ẹ bi í léèrè ìdí tí òun kò fi lè wí pé “mi rí o.”