Ẹ Wọn Pátákò Ẹṣin Kí Ẹ Tó Ra Bàtà fún Un

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ni. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Bí ọdún Iléyá bá dé, ta ni nínú wa tí ọmọ rẹ̀ kì í pariwo pé òun fẹ́ gun ẹṣin ya fọ́tò?

Ará wa kan wà lágbègbè yìí, ọmọ Ìlọrin ni, ẹṣin méjì ló sì fi ń jẹun. Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, a rí i tó ń fa èyí tó funfun nínú wọn lọ, ẹṣin náà sì ń tiro. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi gbé ọmọ olọ́mọ lórí títì ọ̀dà, láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pátákò rẹ̀ sì ti jẹ dé ibi tó ń dùn ún. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kó ra bàtà ẹṣin, ìyẹn bàtà onírọ́bà tí wọ́n máa ń dè mọ́ pátákò láìkan ìṣó. Ó rí tòkunbọ̀ kan rà. Ó fojú wò ó pé ó tó, ó wọ̀ ọ́ fún ẹṣin, ó sì tún kó wọn jáde. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, bàtà náà ti bó awọ gìgísẹ̀ ẹṣin, ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹṣin tó ń tiro tẹ́lẹ̀ kò wá lè rìn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ baba náà ń bẹ lọ́rùn ẹṣin yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tó ń ṣe bàtà nítòsí ọjà ló là wá lójú. Ó wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà, ó wo bàtà, ó ní:

“Àáfà, ṣé ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ̀ kí ẹ tó ra nǹkan yìí?”

“Bàbá, ṣé wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ ẹṣin náà ni? Mo kàn fojú wò ó ni o.”

“Hẹ̀n-ẹn! Bí ẹ bá wá rán bàtà lọ́dọ̀ mi, tí mo ní kí ẹ dúró lókèèrè kí n fojú wọn ẹsẹ̀ yín, ṣé ẹ máa fún mi lówó? Ẹ̀yin ẹ ṣì lè pariwo tó bá ń há yín. Ẹṣin ò lè sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá létí. Ìdí rèé tí a fi lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń wọn pátákò ẹṣin àti bí bàtà ṣe gbọ́dọ̀ jókòó sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí pátákò jẹ́. Kì í ṣe òkúta. Ńṣe ló ń hù bí èékánná tiwa. Láàárín oṣù kan, ó máa ń hù tó mìlímítà 6 sí 10. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè, lábẹ́ irun, máa ń lò tó oṣù 9 sí 12 kó tó dé ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀. Ẹran ààyè àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀n ara ẹṣin, nǹkan bí 60 nínú 100 ni ẹsẹ̀ méjì iwájú ń gbé, kí á tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó jókòó lé e. Bí títì bá wá ń jẹ pátákò ju bó ṣe ń hù lọ, ìrora ló kù.

Ẹnì kan lè ní àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò wọ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ọ̀hún ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, wọ́n sì fi ń jagun jìnnà réré láìkan irin mọ́ pátákò wọn. Àmọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n ń tẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀, tí koríko wà lórí rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ọ̀dà tí oòrùn ń yan, kò sí kọnkéré, kò sí àfọ́kù ìgò àti ìṣó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀nà tó ti Bwari lọ sí Kubwa kì í ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ Ilé. Bàtà ẹṣin pàápàá kì í ṣe ohun tuntun láyé. Àwọn ará Róòmù ti ń fi awọ de bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin wọn ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, kí irin tí wọ́n ń kàn níṣòó tó wọ́pọ̀. Àǹfààní bàtà tí wọ́n ń dè ni pé a lè bọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Irin ní tiẹ̀ ń fẹ́ ọlọ́wọ́ tó mọṣẹ́, torí ìṣó kan ṣoṣo tó bá ṣìnà, inú ẹran ló ń wọ̀ lọ.

Ó yá, báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ gé pátákò náà, kó sì fi fáìlì ra á kó tẹ́jú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, tàbí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sí i. Pátákò tó ti gùn jù tàbí tó fẹ̀ yẹ̀rẹ̀ yóò purọ́ fún rúlà. Bí ẹ bá ra bàtà sí ìwọ̀n irọ́ yìí, ó di ọjọ́ tí ẹ bá gé pátákò kó tó máa yọ.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di ìjánu mú. Kí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kó sì nu ìdọ̀tí àti òkúta inú rẹ̀ kúrò. Rúlà líle tó ní mìlímítà ni kó lò. Téèpù àwọn télọ̀ máa ń tẹ̀, kò ní sọ òótọ́.

Ìkẹta, ìwọ̀n méjì là ń fẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀: kí ẹ wá ibi tó fẹ̀ jù lọ lábẹ́ pátákò, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Ti èkejì ni gígùn: láti ṣóńṣó iwájú títí dé ibi tí pátákò tó ń tẹ ilẹ̀ parí sí ní gìgísẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹran rírọ̀ tó yọ bọ̀ǹbọ̀ lẹ́yìn gìgísẹ̀ kò sí nínú ìwọ̀n. Bí ẹ bá kà á mọ́ ọn, bàtà tó gùn jù lẹ máa rà.

Ìkẹrin, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Pátákò iwájú sábà máa ń rí rìbìtì ju ti ẹ̀yìn lọ, ti ẹ̀yìn sì máa ń ṣe ṣóńṣó díẹ̀. Ọ̀tún àti òsì pàápàá lè má dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iwájú ọ̀tún, fífẹ̀ mìlímítà 120, gígùn mìlímítà 124, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ kẹrin. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó tẹ páálí, kí ẹ fi bírò yí etí pátákò náà ká, kí bí ó ṣe rí lè hàn. Bàtà lè bá gígùn àti fífẹ̀ mu kó má bá bí pátákò ṣe rí mu.

Ìkarùn-ún, ẹ fi ìwọ̀n náà wé tábìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà tẹ̀ jáde. Nọ́ńbà 2 ti ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe nọ́ńbà 2 ti òmíràn. Bó bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, ẹ má méfò. Ẹ fi ìwọ̀n àti àwòrán orí páálí náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á.

Bí bàtà bá wá dé, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ nu pátákò, kí ẹ ki bàtà bọ̀ ọ́. Ó yẹ kó gba agbára díẹ̀, kì í ṣe ìjàkadì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ dì í mú, kí ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ yí bàtà náà. Bó bá ń yí kiri, ó tóbi jù. Ẹ wo gìgísẹ̀ àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lókè pátákò, kí okùn tàbí etí bàtà má há a níbẹ̀. Ẹ fà á rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tó mú un yípo tàbí kí ẹ mú un sáré. Ní ìgbésẹ̀ mélòó kan, ó lè máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó tẹ omi. Ìyẹn kò burú, ó ṣàjèjì sí i ni. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ bọ́ ọ wò. Bí irun bá ti ń re, tí awọ pọ́n tàbí tó gbóná, bàtà yẹn kò bá a mu. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ máa fi àkókò kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi sùn. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ. Bí wọ́n bá sì tún gé pátákò, èyí tó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 síra wọn, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Àmọ́ o, bàtà kì í ṣe oògùn. Bí ìṣó bá gún ẹṣin, tí pátákò rẹ̀ gbóná, tàbí tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ rárá, dókítà ẹranko ni kí ẹ pè kíákíá. Àrùn ipá tètè máa ń mú ẹṣin, ọgbẹ́ kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ sì tó láti fà á. Títí dókítà yóò fi dé, ẹ lè fi pámpásì ọmọdé tó mọ́ bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi báńdéèjì dì í, kí ẹ sì fi téèpù tó fẹ̀ yí i po kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́.

Ará wa yẹn ti padà wọn ẹṣin rẹ̀. Bàbá oníbàtà ló di rúlà mú, òun alára di ẹsẹ̀ ẹṣin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, bàtà tòkunbọ̀ náà sì gùn ju méjèèjì lọ. Abájọ tó fi ń yí kiri tó sì ń ha gìgísẹ̀. Kí bàtà tuntun tó dé, ẹ̀gbẹ́ títì, lórí koríko, ló ń fà á gbà, ó sì ń fún un ní ọjọ́ ìsinmi.

Àwa tí a kò ní ẹṣin náà ní ipa tiwa. Ní ọdún 2024, fọ́tò Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Gbogbo ayé ń wo aṣọ, wọ́n ń wo fìlà, wọ́n ń wo ẹni tó jókòó sórí gàárì. Àwa mélòó la wo pátákò? Bí Iléyá bá tún dé, tí ẹ fẹ́ gbé ọmọ yín lé ẹṣin ní Bwari níbí, tàbí tí ẹ lọ sílé lọ bá ìdílé yín gun ẹṣin níwájú ààfin, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fa ẹṣin náà rìn díẹ̀. Bó bá ń tiro, ẹ má gùn ún, kódà kí ẹlẹ́ṣin dín owó rẹ̀ kù. Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé wọ́ọ́rọ́wọ́ la ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.