Ẹ Mú Màmá Dání Lọ Wo Omi Ayíkúnnugbá, Ṣùgbọ́n Ẹ Kíyè Sí Èyí

Ìparí oṣù kẹta tàbí inú oṣù kẹrin ni ọdún Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́rin la sì fi ń sinmi, láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Àsìkò yìí ni àwọn ìdílé kan nílùú òyìnbó máa ń kó tẹbí-tará lọ sórí òkè oníyìnyín, tí wọ́n á lọ máa fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí rẹ̀ kó tó yọ́ tán. Àwa ò ní yìnyín ní Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n a ní òkè, a sì ní omi. Àwọn ọmọ tó bá wálé sí Ìlá-Ọ̀ràngún lè lọ wo Ayíkúnnugbá, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá, níjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dáyọ̀. Ọmọ ìyá ni ìlú méjèèjì, wọn ò sì jìnnà síra. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú sí i lè dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ní ìpele méje.

Tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá dé, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Màmá, ẹ bá wa ṣọ́ ilé." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àárò ọmọ àti ọmọ ọmọ máa ń sọ àgbàlagbà. Ẹ mú wọn dání, ṣùgbọ́n ẹ má fipá mú wọn gun òkè. Kí wọ́n jókòó sí ibòji nísàlẹ̀, lórí àga tí ẹ gbé láti ilé, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú wọn. Àpáta tí omi ń kọjá lórí rẹ̀ máa ń yọ̀, bí egungun ìbàdí àgbàlagbà bá sì kán, ó lè má rìn dáadáa mọ́.

Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé pé, ṣé wọ́n ti lo oògùn? Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe, mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fo oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀ lọ́jọ́ ìrìn àjò, torí wọn ò fẹ́ máa dá mọ́tò dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ̀ pé ọdún la wà o. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè yí àkókò oògùn náà padà, kí awakọ̀ sì dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀, kó má sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Bó bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara, tó sì ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní ṣúgà.

Ó wá kan àwọn ọmọdé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò nìyí. Òjò lè rọ̀ lókè kó má kán síbi tí ẹ dúró sí. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tí ariwo rẹ̀ le sí i, tàbí tí ewé àti igi ń bá a bọ̀, ẹ kó gbogbo ọmọ kúrò nínú rẹ̀ kíá. Ọmọ tó ń rì kì í sábà lè pariwo. Nítorí náà, kí àgbàlagbà kan wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ kékeré, kó sì fi fóònù sápò. Bí ọmọ bá mu omi tí kò mí mọ́, ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó dúró sójú kan létí odò. Irú ibẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń wà, awọ ara ni kòkòrò náà sì ń gbà wọlé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ò ní agbára ibà lára bíi tiwa. Kí òbí wọn gba oògùn tó ń dènà ibà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí wọ́n sì sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Bí ara wọn bá gbóná, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti padà, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ojú ọ̀nà, kí gbogbo èèyàn de bẹ́líìtì, kí ọmọdé jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ gbogbo èyí sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì pín iṣẹ́: ta ló ń ṣọ́ ta, ta ló mú oògùn Màmá lọ́wọ́. Bí a bá ti pín in bẹ́ẹ̀, Màmá á rí ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá omi, gbogbo ilé á sì jọ padà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.