Ẹ Ń Gba Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ṣe Nílé? Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Nípa Ojú, Ẹ̀yìn Àti Oorun Yín

Aago kan òru ti lù ní Accra. Ọmọ ti sùn, ìyàwó ti sùn, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan yín, ẹ ń tún lógò tí oníbàárà kan ní California sọ pé òun ò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, ó fẹ́ẹ́ tilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lọ́dọ̀ tiyín, ojú ń ta yín, ọrùn ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀rù ń bà yín pé bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á gba iṣẹ́ náà.

Bí ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ń kọ́ ìkànnì ayélujára fún oníbàárà ṣe rí nìyẹn, láti East Legon dé Madina, dé Kasoa, títí dé Accra New Town, àdúgbò táwọn bàbá wa ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́. Iṣẹ́ tó dáa ni. Kò sí ọ̀gá tó ń jágbe, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìsinmi àìsàn tí wọ́n ń sanwó fún, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé, "Ó tó, ẹ máa lọ sílé." Ilé náà ni ibi iṣẹ́. Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ lónìí, àti ẹ̀yin òbí, ọkọ àti ìyàwó tẹ́ ẹ jọ ń gbé.

Kí ló dé tí ojú fi ń ta yín?

Bí èèyàn bá wà jẹ́jẹ́ rẹ̀, ó máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ ṣe ń ṣẹ́jú yẹn ni omi ṣe ń ra ojú yín tí kò fi gbẹ. Tẹ́ ẹ bá wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lè má ṣẹ́jú tó ìdajì iye yẹn. Ojú á gbẹ, á máa ta, á máa pọ́n, ẹ ó sì máa ríran bàìbàì. Ó tún máa ń le sí i nígbà ọyẹ́, tàbí tí fáànù bá dojú kọ yín tààrà.

Ohun kejì ni pé àwọn iṣan inú ojú ní láti ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lè rí ohun tó wà nítòsí. Tẹ́ ẹ bá fi wákàtí mẹ́rin wo ibì kan náà, ó máa rẹ̀ wọ́n bó ṣe ń rẹ apá ẹni tó di garawa omi mú láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun táwọn dókítà ojú ń sọ rọrùn. Lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú kúrò, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Igi tó wà níta fèrèsé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jìnnà sí ojú yín tó gígùn apá kan, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má sì ju ti inú yàrá lọ.

Awò ojú tí wọ́n ń polówó pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù ńkọ́? Àgbéyẹ̀wò tí àjọ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó má dín ìrora ojú àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kù. Ẹ má torí ẹ̀ ná owó oúnjẹ ọmọ.

Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru kọ̀ǹpútà

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Torí pé a mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń mú ojú rẹ̀ wá, ìgbàkígbà tí ojú bá ti ń ṣe nǹkan, a óò ní iṣẹ́ ló fà á. Bẹ́ẹ̀, Ghana jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn ojú tó ń jẹ́ glaucoma ti pọ̀ jù láyé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Tema, ìlú etí òkun tó wà nítòsí Accra, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013, rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti lé ní ogójì ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje tó ní in. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò mọ̀.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń fa glaucoma. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò. Oògùn lè dá a dúró tí wọ́n bá tètè rí i. Nítorí náà, tí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní in, tàbí tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, kódà tí ojú kò bá dùn yín rárá. Ẹni tó ń fi ojú jẹun ni yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀yìn, ọrùn àti ọwọ́

Orí èèyàn wúwo. Tó bá dúró gangan lórí ọrùn, ọrùn á gbé e láìsí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá wá tẹrí ba síwájú láti wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan, iṣan ọrùn àti èjìká ló máa fà á mú ní gbogbo wákàtí yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí àti ọrùn ríro ti ń wá.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra àga olówó ńlá. Ẹ to ìwé jọ sórí tábìlì, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé e títí òkè ojú rẹ̀ fi máa bá ojú yín dọ́gba. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lọ́tọ̀. Wọ́n wà ní Tip Toe Lane ní Circle. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí kékeré ti ìbàdí lẹ́yìn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ máa dìde. Kò sí bí ìjókòó ṣe lè dáa tó tí kò ní di ìyà tó bá ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ pọn omi, ẹ nara.

Tí àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín bá ń kú, tàbí tí wọ́n ń ta yín bí abẹ́rẹ́, pàápàá lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára tó gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá ni nǹkan há mọ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn aláboyún, torí pé ara wọn máa ń wú. Ẹ̀yin abiyamọ, tí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ níbi àtàǹpàkò bá ń dùn yín, bí ẹ ṣe ń gbé ọmọ lè wà lára ohun tó fà á. Ẹ tètè fi han dókítà. Tí ẹ̀yìn bá sì ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ wá ń kú, tí ẹ ò lè tọ̀ tàbí tí ẹ ò lè mú ìgbẹ́ dúró mọ́, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Wákàtí 55

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n ní lọ́dún 2016, èèyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nítorí iṣẹ́ àṣejù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu pé kí rọpárọsẹ̀ kọ lù ú fi ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò tiyín. Wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́, ọjọ́ méje láàárín ọ̀sẹ̀, ti di 56. Ọ̀pọ̀ yín ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì ń fi kọfí tàbí ohun mímu afúnnilágbára lé oorun. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo kó tó dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá yín wò, ẹ má sọ pé ọmọdé ṣì ni yín.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ àmì rọpárọsẹ̀: ẹnu tàbí ojú wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan kò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu. Ẹ pe 112 ní kíá. Ẹ má fún un ní nǹkan jẹ tàbí mu, ẹ má sì kọ́kọ́ gbé e lọ síbòmíì. Gbogbo ìṣẹ́jú ló ṣe pàtàkì.

Nígbà dumsor

Gbogbo ará Accra ló mọ dumsor. Iná á lọ, ọjọ́ tí oníbàárà dá kò sì ní yẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, kò gbọdọ̀ sí nínú ilé, ní báráńdà tàbí lábẹ́ fèrèsé. Èéfín carbon monoxide tó ń tú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú. Ẹ gbé e jìnnà síta, kí ẹ sì dojú ibi tí èéfín ti ń jáde kọ òdìkejì ilé. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé yín, ẹ jáde síta kí ẹ tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ọmọ bá wà nílé

Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 fún obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ pẹ̀lú owó oṣù. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ dá ṣe kò ní agbanisíṣẹ́ tó máa san án fún un. Torí náà, látìgbà oyún ni kẹ́ ẹ ti máa fi díẹ̀ pa mọ́ nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú pé ẹ ò ní sí níbẹ̀ fún àkókò kan. Èyí tó bá mọyì yín á padà wá.

Ẹ má sì sọ fóònù di ọmọ-ọ̀dọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ máa wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, pé ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Ẹ di káàdì yín mú

Ètò adójútòfò ìlera ìjọba, NHIS, wà fún ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ lè fi *929# tún káàdì ṣe lórí fóònù. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 àti àwọn aláboyún kì í san owó ọdọọdún rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé NHIS kì í san owó awò ojú, torí náà ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀. Ẹ tún lè forúkọ sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ SSNIT, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá ara yín.

Oògùn kan tún wà tí wọn kì í tà ní ilé ìtajà oògùn, ìyẹn ni àdéhùn tẹ́ ẹ ń bá oníbàárà ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣe, pé ẹ̀kẹta máa ní owó tirẹ̀, àti pé aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ máa ń pa kọ̀ǹpútà. Àìkọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ yín ṣì jókòó ní aago kan òru.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ má wo ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣeré. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ bá a gbé ọmọ fún wákàtí kan, ẹ pè é wá jẹun, ẹ ní kó bá yín rìn dé ìgboro. Tẹ́ ẹ bá sì ríi pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, pé oorun rẹ̀ ti dàrú, pé ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Oníbàárà á tún rí ẹlòmíì tó máa ya lógò. Ẹ̀yin kò ní rí ẹlòmíì tó máa rọ́pò rẹ̀ nílé. Ìlera loògùn ọrọ̀.