Ṣé O Mọ̀? Iṣan Tó Ń Sá fún Abẹ́rẹ́

Ṣé o mọ̀ pé omi tí o mu lálẹ́ àná lè wà lára ohun tí yóò pinnu iye ìgbà tí wọn yóò gún ọ láàárọ̀ yìí? Ní Madina, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1959 lẹ́bàá Legon ní Accra, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Ànábì sọ, àwọn tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà máa ń tètè jí dé láàbù. Dókítà ti ní kí wọ́n má jẹun. Àwọn ìyá wa àgbà láti apá Zongo Junction a gbọ́ “má jẹun”, wọ́n á fi “má mu omi” kún un fúnra wọn. Ẹnu á gbẹ, ètè á bó, iṣan á sì pẹlẹbẹ mọ́ ẹran ara. Bẹ́ẹ̀ omi lásán kì í ba àyẹ̀wò ṣúgà jẹ́, kì í sì í ba ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Tíì, mílíìkì àti kókó gbígbóná ni kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Bí a bá yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ohun tó kù, omi ló kó ju 90 lọ nínú ìdá 100. Mu píọ̀ wọ́tà kan kí o tó sùn, mu òmíràn kí o tó wọ ọkọ̀ trotro, iṣan á rí nǹkan fi wú. Àfi bí dókítà bá sọ ní pàtó pé omi pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé, bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí ẹni tí wọ́n ń wọn omi fún nítorí kíndìnrín.

Oṣù Rámádánì wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn òde òní gbà pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò kì í já ààwẹ̀. Orí fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ Hausa ń ṣe nínú Zongo, ni àríyànjiyàn àwọn ààfáà àtijọ́ ti pọ̀. Bí àyẹ̀wò rẹ kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ń gbààwẹ̀ fún, lọ ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí omi sàárì ṣì wà lára. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, iṣan á ti sá wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ ọ lápá ní ẹ̀gbọ́n kan nínú ìwé láti 1628? Ọdún yẹn ni William Harvey, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde ní Frankfurt, tí àwòrán apá tí wọ́n so lókè ìgbọ̀nwọ́ wà nínú rẹ̀. Iṣan wú, ó sì yọ kókó níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ibi tí kókó wọ̀nyẹn wà ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Harvey fi ìka tẹ iṣan náà láti kókó dé kókó, ó sì fi hàn pé ọ̀dọ̀ ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń lọ. Àwọn ilẹ̀kùn yẹn náà ló máa ń dí abẹ́rẹ́ lọ́nà lónìí. Ẹnu abẹ́rẹ́ á forí sọ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á dákẹ́, ìwọ á sì rò pé ọmọ láàbù kò mọṣẹ́.

Rọ́bà yẹn kò yẹ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lápá. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ síbẹ̀, èsì àyẹ̀wò á sì yí padà. Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti ẹ̀ṣẹ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí: “Di ẹ̀ṣẹ́, tú u, tún un dì.” Iṣu ẹran apá tó ń ṣiṣẹ́ báyẹn máa ń tú pọtásíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀. Èsì á jáde, pọtásíọ̀mù á ga, dókítà á máa wá àrùn kíndìnrín lára ẹni tí kò ní i. Di ẹ̀ṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́ọ́rọ́, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìka ló ń rí iṣan, kì í ṣe ojú? Lára àwa aláwọ̀ dúdú, iṣan tó dára jù lè má hàn rárá. Wo ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa: á fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ inú ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀díẹ̀, á gbójú kúrò níbẹ̀ pàápàá, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tó ń wá ni ibi tó rọ̀ tó sì ń ta padà. Èyí tó le gbọnrangandan bí okùn kò dára, ó ti lápàá. Èyí tó ń lù kì-kì-kì kì í ṣe tirẹ̀ rárá, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀ nìyẹn. Iṣan àárín ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dán wò, nítorí kì í yẹ̀ kiri púpọ̀, ìrora rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí sára awọ. Ẹ̀jẹ̀ á fa ìmọ́lẹ̀ náà mu, ẹ̀rọ á sì ya ojú ọ̀nà iṣan sórí awọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í sọ fún ènìyàn bí iṣan náà ṣe le tó. Ìka ni yóò sọ ìyẹn.

Òtútù náà ń lé iṣan wọlé. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí kan yóò fún wọn ní iṣẹ́ ṣe ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn Madina wọlé lọ. Aṣọ ìnura tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi lé apá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ń ṣiṣẹ́. Kí o jẹ́ kí apá rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí nọ́ńbà abẹ́rẹ́ bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tínrín sí i? Abẹ́rẹ́ 21, olórí àwọ̀ ewé, nípọn tó mìlímítà 0.8, abẹ́rẹ́ 23, olórí àwọ̀ búlúù, jẹ́ 0.6. Èyí tó ní ìyẹ́ méjì bíi labalábá, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ nídìí, ni wọ́n ń lò fún iṣan kékeré, fún ẹ̀yìn ọwọ́ àti fún ọmọdé. Kò sí ohun tó burú nínú kí o béèrè bóyá ó wà nílẹ̀. Ìgò kékeré náà ní agbára tirẹ̀: wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú. Iṣan aláìlágbára kì í fara da ìfà yẹn, yóò lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí onímọ̀ fi máa ń pààrọ̀ ìgò sí ti ọmọdé, tàbí kó fi síríńjì fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ìgò mẹ́ta! Ṣé wọ́n fẹ́ tà á ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lẹ́nu àwọn tó tò sí ìdí láàbù. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ìgò mẹ́ta kò sábà ju mìlílítà 15 lọ, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá kan. Àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jẹ́ nǹkan bíi 450, nítorí náà ó gbà tó ọgbọ̀n ènìyàn kí àpò kan tó kún, ẹ̀jẹ̀ onírúurú ènìyàn tí a pò mọ́ra kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ orí ìgò pàápàá ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ eérú, oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹ ṣúgà tán, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti kúrò lára rẹ ṣì ń jẹun: láìsí oògùn yìí, ṣúgà inú ìgò lè fi nǹkan bíi 5 sí 7 nínú ìdá 100 dín kù láàárín wákàtí kan. Ní ti iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà, àwọn tó ní ìdí láti ké gbàjarè ni àwọn ará àtijọ́. Ní December 1799, àwọn dókítà fa ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà méjì lọ lára George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, láàárín wákàtí díẹ̀ nítorí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Kò rí ọjọ́ kejì.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó sì ṣe gudugudu méje wà nítòsí wa níbí. Ṣé o mọ̀ pé yẹ́lò kádì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ Ghana ní ọmọ Gold Coast kan nínú ìtàn rẹ̀? Ní 1927, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve, nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn oníwádìí àjọ Rockefeller, tí ibùdó wọn wà ní Yábà ní Èkó, gún ọ̀bọ kan ní ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀bọ sì kó àrùn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí kòkòrò rẹ̀ mú. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní September ọdún kan náà. Láti ara kòkòrò tó ti ara Asibi jáde ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D, tí wọ́n fi fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951, tí wọ́n sì ṣì ń gún fún wa. Asibi ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá.

Ṣé o mọ̀ pé ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù ejò? Ẹni tó rí ejò, àyà rẹ̀ á máa já, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru, ẹsẹ̀ á sì gbéra. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ sáré bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ọkàn á ṣàdédé rọra, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, kò ní dé orí tó, òòyì á kọ́ ọ, ó di gbì! Ó máa ń ran ìdílé, kò sì yọ géńdé sílẹ̀. Àwọn tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì wà nínú wọn. Èyí ni kì í jẹ́ kí “fara balẹ̀, dẹ ara rẹ” tí a máa ń sọ fún wọn ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò, nítorí ara tó dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wálẹ̀. Lars-Göran Öst, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ọmọ Sweden, kọ́ àwọn ènìyàn ní òdìkejì rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Fún iṣu ẹran ẹsẹ̀, ti ikùn àti ti apá tí wọn kò ní gún pọ̀ gírígírí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú yóò fi gbóná. Dẹ̀ ẹ́ fún bí 20 sí 30, kí o tún ṣe é, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí o bá ti dákú rí, sọ fún wọn kí abẹ́rẹ́ tó yọ, kí wọ́n jẹ́ kí o dùbúlẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ kò níbi tí yóò ṣubú sí.

Ní ti àwọn tí wọ́n ń gún láti kékeré, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Nǹkan bíi 2 nínú 100 ọmọ tuntun ní Ghana ló ń bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wáyé. Ní 1995, ètò kan tí Dókítà Kwaku Ohene-Frempong ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọmọ tuntun wò ní Kumasi: wọ́n á ta á ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà, á gbẹ, ó di láàbù. Ọmọ tó bá wà lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n ń ta á, ìrora rẹ̀ máa ń dín kù. Àmọ́ nígbà tí ọmọ tó ní àrùn yìí bá fi di àgbà, iṣan rẹ̀ ti kún fún àpá, òun fúnra rẹ̀ ló sì mọ èyí tó ṣì ń dáhùn ju ẹnikẹ́ni ní láàbù lọ. Kí wọ́n fetí sí i.

Ìlànà tó gbayì nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí ẹnì kan má gún ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó pe ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀, àwọn tó sì mọ̀ ń tijú láti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní Madina, “mepa wo kyɛw” ni wọ́n fi ń ṣáájú irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè Twi. Ìyá àgbà Yorùbá á na apá kejì, á ní, “Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òsì yìí ni wọ́n máa ń rí i. Ẹ bá mi pe ọ̀gá yín.” Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì jókòó kí wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kẹrin.

Tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ tán, má ká apá lé òwú. Kíká yẹn wà lára ohun tó ń mú kí ibẹ̀ dúdú. Na apá gbọọrọ, kí o fi ìka tẹ òwú náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí o bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí o bá máa gba ọjà Madina kọjá lọ sílé, ọwọ́ kejì ni kí o fi gbé báàgì.