Gírámà Òyìnbó: Èdè Yorùbá kọ́ ni ọ̀tá ọmọ yín

Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá sáré wọlé, tó ní "Mummy, Daddy has come, they are in the parlour", ìyá rẹ̀ lè má rí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé inú kíláàsì ló ti sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín, tíṣà yóò sì bi í pé bàbá mélòó ló ní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló gbé lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ re kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó", "wọ́n" ló máa ń lò. Gírámà Òyìnbó kò mọ ìyẹn. Bàbá ìbáà jẹ́ ọba, "he" náà ni.

"He" àti "she" gan-an kò rọrùn, nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti gba oyè ní yunifásítì fi lè máa pe ìyàwó rẹ̀ ní "he" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ti "ìwé méjì" náà. Nọ́ńbà ti sọ pé ìwé náà ju ẹyọ kan lọ, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi kún "ìwé". Òyìnbó ní tirẹ̀ á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ní "two", á tún fi "s" sí ẹ̀yìn "book". Ọmọ tó kọ "two book" kàn rò pé ẹ̀ẹ̀kan tó ni.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Mo lọ, mo ń lọ, mo ti lọ, màá lọ: "lọ" kò yẹsẹ̀ níbì kankan, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ àsìkò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní go, goes, going, went àti gone. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti há "went" sórí tán, wọ́n á tún fi ìdá pupa sí "I did not went". Ó ṣeé ṣe kí tíṣà má sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ Yorùbá sì mọ ìdí náà láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n: "did" ń ṣe irú iṣẹ́ tí "ń" àti "ti" ń ṣe. Ó ti ru ẹrù àná, nítorí náà "go" kò gbọdọ̀ rù ú mọ́. Bákan náà ni "does" ṣe ń gba "s" lára "goes" nínú "does he go".

Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní "Ṣé o ò tíì jẹun ni?", "bẹ́ẹ̀ ni" túmọ̀ sí pé mi ò tíì jẹun. Ẹni tó bá fi "yes" dá Òyìnbó tó ní "Haven't you eaten?" lóhùn, ebi ni yóò fi sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC tàbí NECO, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ló máa dúró sí, bó ti wù kó mọ físíìsì tó. Nínú 180 ìbéèrè JAMB, 60 jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rù yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, tí àwọn òbí sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 kò bá ìyẹn mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ti bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ má gbàgbé tíṣà yẹn o, nítorí ibi tó wọ́n jù lónìí nìyẹn.

Òbí tó bá fẹ́ dán an wò nílé kò nílò ìwé ńlá. Kó ní kí ọmọ sọ "Ṣadé kò lọ sọ́jà lánàá" di Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá kọ "did not went", kó má nà án, kó bi í pé ẹni mélòó ló ru ẹrù àná.