Kí ni ìlù ń sọ tí ẹ fi ń jó? Àlàyé lórí ijó Yorùbá àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ níbi ìnáwó tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Onílù á dúró síwájú ọkùnrin kan, á máa fi gángan bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn á máa rẹ́rìn-ín, á máa ju èjìká, á máa lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Àwọn àgbà tó jókòó nítòsí á wojú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, torí àwọn gbọ́ ohun tí ìlù wí. Nígbà mìíràn, oríkì ìdílé ẹni tó ń jó ni. Nígbà mìíràn, ohun tí onílù ń sọ ni pé owó yẹn kéré.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò lónìí. Kí ló para pọ̀ di ijó? Orúkọ wo là ń pè wọ́n lédè wa? Báwo sì ni ijó ṣe rìn láti ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń jó Zanku?

Nǹkan márùn-ún tó wà nínú ijó

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ijó káàkiri àgbáyé, nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: ara, ìṣesí, àyè, àkókò àti agbára. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú wọn.

Ara ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yà ara wo ló ń jó? Nínú ijó bàtá, èjìká ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ijó gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdúró kan wà tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ijó wa: orúnkún á rọ̀, ìdí á yọ sẹ́yìn díẹ̀, àyà á tẹ̀ síwájú, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ á sì kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó gan pa bí òpó, tó ń fi ọwọ́ nìkan jó, ẹ mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni ìṣesí, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe: gbígbé ẹsẹ̀, fífò, yíyí, bíbẹ̀rẹ̀, mímì, títàkìtì. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ẹsẹ̀ ijó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ijó pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ju méjì lọ, dídá ló mọ ijó oríṣiríṣi í dá.

Ìkẹta ni àyè. Ṣé oníjó ń jó síwájú ni, àbí ó ń jó sẹ́yìn? Ṣé ó ń jó wálẹ̀ ni, àbí ó ń jó yípo? Àwọn èèyàn ló ń ṣe ògiri fún ijó wa, torí agbo là ń dá. Àwọn tó dúró yíká kì í ṣe òǹwòran lásán, àwọn ló ń gbe orin, àwọn ló ń pàtẹ́wọ́. Tí ara bá sì ta wọ́n, wọ́n á bọ́ sínú agbo.

Ìkẹrin ni àkókò, ìyẹn bí ẹsẹ̀ ṣe ń bá ìlù mu. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Nínú ọ̀wọ́ ìlù kan, ìlù mẹ́ta, mẹ́rin, lè máa dún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Oníjó tó mọ iṣẹ́ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé omele, kó sì fi èjìká dá ìyáàlù lóhùn.

Agbára ló ṣe ìkarùn-ún. Ẹsẹ̀ ijó kan náà lè rọ̀, ó sì lè le. Ìlù ìgbìn ni wọ́n ń lù fún Ọbàtálá, ijó rẹ̀ sì máa ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé omi tútù lórí. Ti Ṣàngó kò rí bẹ́ẹ̀. Bàtá ni wọ́n ń lù fún un, ijó gbígbóná sì ni: èjìká á máa já, ẹsẹ̀ á máa ta.

Ìkẹfà tó jẹ́ tiwa: ọ̀rọ̀

Nínú ijó Yorùbá, ìkẹfà wà, òun ni ọ̀rọ̀. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Bí onílù bá fún ọṣán dùndún mọ́ra, ohùn rẹ̀ á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn láì la ẹnu.

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni olórí. Òun ló ń sọ̀rọ̀, tó ń pa òwe, tó sì ń ki èèyàn. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ń tì í lẹ́yìn. Gúdúgúdú, èyí tó rí bí igbá kékeré tí onílù fi kọ́rùn, kì í sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń dáná sí ìlù lábẹ́. Nínú ọ̀wọ́ bàtá, ẹ ó rí ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Àwọn onílù máa ń sọ pé akólòlò ni bàtá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yọ kedere bíi ti dùndún, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọ ló sábà máa ń gbọ́ ọ yé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀: àlùjó. Ìlù tí wọ́n ń lù kí èèyàn lè jó ni. Ó yàtọ̀ sí ìgbà tí onílù ń ki ọba tàbí tó ń kéde àlejò tó ń bọ̀. Onílù tó mòye lè ki èèyàn fún ìgbà díẹ̀, kó wá sọ ọ́ di àlùjó lójijì. Ẹni tó gbọ́ ìlù á ti dúró gbọ́ oríkì rẹ̀ ná, kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ á ti jó gba orí oríkì baba rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ àti ẹsẹ̀ ti di ọ̀kan, ẹ wo gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní Ìlarò tàbí ní Ìmẹ̀kọ. Ọkùnrin ló ń gbé e, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Wọ́n á fi orin ẹ̀fẹ̀ ṣe ìdárayá lóru, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tó hùwà ìbàjẹ́ láàárín ìlú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn oníjó á jáde pẹ̀lú ère lórí àti irin tó ń ró ní ọrùn ẹsẹ̀, méjì méjì lọ́pọ̀ ìgbà. Onílù á lu gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó sì parí níbi tí ìlù parí sí gẹ́lẹ́. Bí ó bá fi ìṣísẹ̀ kan kọjá ibẹ̀, gbogbo agbo á mọ̀. Ní 2001, UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà gbogbo àgbáyé, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 fún orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Láti ààfin Ọ̀yọ́ dé orí ìtàgé

Ní 1826, òyìnbó ará Scotland kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n ṣe eré fún un níbẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Àkọ́kọ́, àwọn oníjó tó wà nínú àpò ń jó, wọ́n ń fò, wọ́n sì ń tàkìtì. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan di òjòlá, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ìkẹta ló pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù: ẹnì kan jáde ní funfun báláú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òtútù ń mú un, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, níwájú òyìnbó gan-an!

Àwọn eléré báyìí là ń pè ní alárìnjó. Inú egúngún ni iṣẹ́ wọn ti jáde. Wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń pidán, wọ́n ń kéwì, wọ́n sì ń jó bàtá. Orúkọ wọn sì sọ ohun gbogbo: wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó.

Iná yẹn kò kú. Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní 1944, òun náà sì fi ijó àti ìlù ṣe òpó eré. Ní 1963, Duro Ladipo gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Bàtá Ṣàngó kò sí lẹ́yìn eré náà bí ohun ọ̀ṣọ́, àárín rẹ̀ ló wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e lọ sí Berlin, àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ Yorùbá sì jókòó wò ó.

Ijó tó kọjá òkun

Ṣáájú ìgbà yẹn, ijó wa ti kọjá òkun pẹ̀lú ẹkún. Nígbà tí ogun ń fọ́ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil. Wọn ò lè gbé ìlù dání. Ohun tó wà nínú orí àti nínú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé lọ.

Ní Cuba, wọ́n tún bàtá gbẹ́. Mẹ́ta ni tiwọn: Iyá, Itótele àti Okónkolo. Àyàn tiwa ni wọ́n ń pè ní Aña, ẹ̀mí tó wà nínú ìlù. Níbí, onílù á gbé bàtá kọ́rùn, á fi bílálà lu ojú kékeré rẹ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n á sì fi lù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé inú ilé òrìṣà nìkan ló ń dún, títí di 1936 tí ọ̀mọ̀wé Fernando Ortiz kó àwọn onílù jáde síta gbangba ní Havana. Ní 1962, ìjọba Cuba dá ẹgbẹ́ oníjó àṣà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà, ijó òrìṣà sì wà lára ohun tí wọ́n ń jó.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ẹ pè é sókè: Ìjẹ̀ṣà. Ìlù pẹ̀lẹ́ ni, agogo ń dún nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í jó fún Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, ṣì ń lù ú kiri ìgboro lákòókò Carnaval. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó o kò dé Iléṣà rí, ṣùgbọ́n orúkọ ò sọnù, ijó náà ò sì sọnù.

Láti jùjú dé Zanku

Nílé níbí, bí ìlù bá ti yí padà ni ijó ń yí padà. Tunde King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi gìtá lọ́nà jẹ́jẹ́ kọ jùjú l'Ékòó láti nǹkan bíi 1930. Nígbà tí gángan wọ inú jùjú lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè sì dé, orin gùn sí i, agbo ijó náà sì fẹ̀. Láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí jẹ sààrì ni Sikiru Ayinde Barrister ti mú fújì jáde. Ìlù rẹ̀ yára, ìdí àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ yára bá a.

Àwọn ọmọ ìgboro náà dá tiwọn. Láti Ajégúnlẹ̀ ni galala ti jáde ní bíi 1990 sí 1999, Daddy Showkey sì wà lára àwọn tó gbé e dé ibi gbogbo. Yahooze dé ní 2007, Shoki ní 2014, Shaku Shaku tẹ̀ lé e, kí Zlatan tó gbé Zanku jáde ní ìparí 2018. Àwọn kan ní ijó ọmọ ìta ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: orúnkún rọ̀, àyà tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, á sì tún ta bí ẹni fẹ́ já ilẹ̀kùn. Ìdúró àwọn baba wa ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kò rí oníjó. Àwa tí à ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́ lórí rédíò mọ èyí dáadáa: orin tí a gbé sáfẹ́fẹ́ kò mọ̀ bóyá arúgbó ló ń jó o tàbí ọmọdé. Onílù tó dúró níwájú rẹ á wo ẹsẹ̀ rẹ, á rí i pé ó ti ń rẹ̀ ọ́, á sì dẹ ìlù. Á rí àbúrò rẹ tó ń bọ̀, á sì fi orúkọ pè é wọlé. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́, onílù náà kò ní rí ìdí tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ariwo nìkan ni yóò máa lù, torí òun náà fẹ́ jẹun.

Kí ló kù ká ṣe?

Ẹ wo ijó ballet. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní 1661, wọ́n sì fún ìgbésẹ̀ wọn lórúkọ. Títí dòní, ọmọ tó ń kọ́ ballet l'Ékòó á pe títẹ orúnkún ní plié, lédè Faransé. Orúkọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè kọ́ ọmọ mìíràn láì sọ nǹkan kan nù. Àwọn ará Cuba àti Brazil náà di orúkọ mú. Àwa tí a ni èdè, ṣé àwa ló yẹ kó gbàgbé?

Kò nira. Bí onílù bá lù fún yín, ẹ bi í pé, "Kí lẹ wí, bàbá?" Inú rẹ̀ á dùn láti tú u fún yín. Bí iléèwé bá ń múra ọjọ́ àṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn wọ aṣọ òkè fún àwọn ọmọ kí wọ́n sì fi wọ́n síwájú ẹ̀rọ orin. Ẹ wá onílù kan, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn ní gbólóhùn mẹ́ta lórí ìlù, kí wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Tí ìyá àgbà bá sì wà nílé tó mọ oríkì ìdílé yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ni onílù máa fi pè yín lọ́la. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ara rẹ̀ lórí ìlù kò ní mọ̀gbà tí wọ́n pè é.