Irin Ìdáhò àti Òòlù, Ibi Ìfọ́kúta Àrò, Abẹ́òkúta

Irin àti igi

Ẹni méjì ló ń lo irú irin yìí. Ọ̀kan á dì í mú lóòró lórí akọ òkúta, á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Èkejì á máa sọ òòlù lé e lórí títí ihò á fi jìn. Ẹ̀tù ni wọ́n ń kì sínú ihò náà kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ẹni tó di irin mú gbọ́dọ̀ fọkàn tán ẹni tó ń sọ òòlù pátápátá.

Rélùwéè ló gbé òkúta Àrò dé Èkó. Kí wọ́n tó lò ó níbẹ̀, kò rọrùn fún ọkọ̀ òkun ńlá láti wọ ẹnu ọ̀sà Èkó, nítorí yanrìn tó dí i. Ojú agbami ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta náà wọnú òkun láti fi ṣe ògiri tí yóò dáàbò bo ọ̀nà ọkọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọwọ́ àwọn afọ́kúta ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri náà dá yanrìn tó ń ṣàn lọ síhà ìlà-oòrùn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria ní Èkó.